Ewé Etí Inú Yàrá Ìjemọ̀

Wọ́n ní ẹnu mi pọ̀. Ẹ jẹ́ kó pọ̀. Èmi Bándélé, gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, ọmọ Ìjemọ̀ nílùú Abẹ́òkúta níbí. Kò sẹ́ni tó rán mi lọ sílé ìwé. Ẹ̀yìn fèrèsé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa ń dúró sí, tí mo ń fi èédú kọ ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ inú ilé sára pákó mi, títí mo fi mọ̀wé kà jù wọ́n lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lọ́kàn mi, mo máa ń sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi ni ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi tí mi ò sọ. Òun náà ló ń jẹ mí nínú bí ikán títí di òní olónìí.

Ọ̀rọ̀ Adébímpé ni, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n sí Lydia. Ní àdúgbò wa, àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì fa ọmọ wọn sẹ́yìn bó bá ń kọjá.

Àkúdàáyà! Ẹ bá mi rò ó. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti sọ ìtàn àkúdàáyà fún mọ̀ pé ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló máa ń lọ gbé. Ọjọ́ tí ojú rẹ̀ bá ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ará ilé rẹ̀, á pòórá ni. Èyí ńkọ́? Ilé bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, gbogbo ará ilé ń wò ó. Kò pòórá. Ó ń làágùn ni, ó sì ń bèèrè omi. Òkú wo ni òùngbẹ ń gbẹ?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ.

Kí ogun tó tú ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kí àwọn èèyàn wa tó sá wá sábẹ́ Olúmọ, ọmọ mẹ́ta ni ìyá àgbà mi bí. Olúṣẹ̀yẹ ni àkọ́bí, ọkùnrin. Adébímpé ló tẹ̀ lé e. Ìyá mi, Fọlákẹ́mi, ni àbígbẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì kéré, ìyá àgbà sín ìlẹ̀kẹ̀ ìdí fún wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan náà ni, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ló bá fi eegun ẹ̀yìn ẹja sáàárín ti ìyá mi, ó fi òrùka èèpo èkùrọ́ sáàárín ti Adébímpé. Ìgbà tí ìyá mi bá ń dirun fún àwọn àbúrò mi obìnrin ló máa ń sọ ọ́: "Ẹja ni tèmi, èkùrọ́ ni ti ẹ̀gbọ́n mi." Bí ẹni ń kọrin ló ṣe máa ń sọ ọ́. Ẹ fi í sọ́kàn.

Ìlẹ̀kẹ̀ náà ti kéré fún àwọn méjèèjì nígbà tí ogun dé. Ìyá àgbà tú u, ó dì í mọ́ inú àkísà, ó gbé e sá lọ pẹ̀lú ohun tó kù. Adébímpé ò bá wọn sá. Ó lọ pọn omi, àwọn ológun sì jí i gbé létí odò. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Nígbà tí wọ́n ti tẹ̀dó síbí, ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́, á gbé ojú sókè, á ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún Adébímpé, ó ń kànkùn." Wọ́n á ṣí i. Kò ní sẹ́nì kankan. Ọdún mẹ́wàá gbáko. Ìyá mi ní àwọn ò mọ adùn oúnjẹ alẹ́ mọ́, ẹnu ìlẹ̀kùn ni gbogbo wọn ń gbé etí sí.

Olúṣẹ̀yẹ wá ní ó tó. Ó ní ẹni tó bá sọnù sógun tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ sin ín kó yé rìn kiri. Ó tú àkísà ìyá àgbà, ó mú ìlẹ̀kẹ̀ kan nínú méjèèjì, ó sọ ọ́ sínú ìkòkò kékeré, ó dé e, ó sì rì í mọ́lẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá ìyá rẹ̀. Wọ́n sunkún, wọ́n fárí, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí à ń ṣe fún òkú. Ìgbà tí wọ́n parí, ó gbé òfin kalẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pe orúkọ ẹni yẹn nínú ilé mọ́. Ó ní ibojì tí kò gba òkú, ebi ń pa á ni. Bí ẹni tí a sin síbẹ̀ bá padà wá láàyè, tí ẹnì kan sì pe orúkọ rẹ̀ wọlé, ibojì náà á mú ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Ibojì kì í padà lófo.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá àgbà kú. Yàrá yẹn náà ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin náà ẹ wo iye ọdún tó kọjá lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún kejì lẹ́yìn tí a lé àwọn Dàhòmì lẹ́nu odi Arò ni obìnrin kan wọ Ìjemọ̀ pẹ̀lú kaba àwọn òyìnbó lọ́rùn àti àpótí lórí. Àwọn Sàró, ẹrú tó gba òmìnira tó ń bọ̀ wálé nígbà náà, aṣọ ni wọ́n ń kó bọ̀, àwo, àti agboòrùn. Àwọn aráàdúgbò sáré jáde láti wo tirẹ̀. Ó ṣí àpótí. Erùpẹ̀ ló kún inú rẹ̀, àti ewé rírọ.

"Yéè!" ni wọ́n wí. "Erùpẹ̀! Ṣé kò sí erùpẹ̀ ní Ẹ̀gbá ni?"

Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wa. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Ẹ pè mí wọlé."

Olúṣẹ̀yẹ jáde. Mo wà níbẹ̀, mo ti gbó tó ẹni tí ń dá iṣẹ́ ṣe nígbà náà. Bàbá yẹn ní, "Ìwọ ẹni yìí, níbo lo ti wá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni? Èmi tí mo rí yín lọ́jọ́ tí ẹ já bọ́ látorí igi òro, tí ẹ ní bí n bá sọ fún Ìyá, ẹ ò ní fún mi ní òro jẹ mọ́?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú èrò. Olúṣẹ̀yẹ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́. Nítorí pé mo mọ̀ ọ́ gan-an ni mi ò fi ní pè ọ́."

Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Ìyá mi wà nínú ilé, ó ń yọjú wò láti ihò ìlẹ̀kùn. Kò jáde.

Ohun tí obìnrin yẹn ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ o. Kò bèèrè oko, kò bèèrè aṣọ. Kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nínú ilé bàbá rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè wọlé láàyè, wọ́n á lè sin ín sínú ilé bó bá kú. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ló fẹ́ sùn. Ó ní gbogbo ọdún tí òun fi wà lórí omi ni òun ń rí yàrá yẹn lójú àlá.

Èmi ni mo kọ́ ahéré fún un lẹ́yìn Ìjemọ̀, lábẹ́ àpáta kan tí omi ń ro lára rẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò. Òun ló mú ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní ewé òun ń fẹ́ òkúta tó tutù.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìrìn àjò rẹ̀. Ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n kó wọn sí, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, wọ́n sì já wọn sí erékùṣù kan tí òyìnbó ń pè ní Fànándò Pó. Ó lò tó ọdún mẹ́rìnlélógún níbẹ̀. Ó ní òkè kan ló dìde láàárín omi, orí rẹ̀ wà nínú kùrukùru. Bí o bá ń gùn ún, wàá bá igi tó ga bí ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí èyí tó máa ń hù sára ọ̀pẹ ògbó, ọ̀mùnú rẹ̀ á sì ká jọ bí ìrù ọ̀bọ kó tó tú. Lókè pátápátá, gbogbo igi ló hu irùngbọ̀n funfun. Ó ní bí atẹ́gùn bá fẹ́, ńṣe ló dà bíi pé àwọn àgbààgbà ń mi orí sí i. Ìyá arúgbó kan nínú àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ló kọ́ ọ ní ewé: èyí fún ikọ́, èyí fún ọgbẹ́, èyí tí à ń fọwọ́ kàn nìkan bí ẹ̀rín bá ń pa wá, nítorí èso rẹ̀ á bẹ́ pá, á fọ́n irúgbìn sí ọ lójú.

Òyìnbó kan wá síbẹ̀ tó ń wá ewé. Adébímpé ló mú un gun òkè. Òun ló ń fi hàn án, òun ló ń já a, òun náà ló tún ń sè fún un. Òyìnbó ń tẹ ewé sínú ìwé kó gbẹ, ó ń kọ nǹkan sísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé ó kọ orúkọ tiyín síbẹ̀?"

Ó wò mí. "Orúkọ èwo?"

Níbẹ̀, wọn ò kọ ọ́. Níbí, wọn ò pè é.

Ewé tó fẹ́ràn jù ni èyí tó ń pè ní ewé etí. Ọ̀pá rẹ̀ pupa, ó kún fún omi, ó kan díẹ̀ lẹ́nu. Ewé rẹ̀ ò dọ́gba: apá kan tóbi ju ìkejì lọ, ó ṣe rẹ́gí bí etí èèyàn. Ara òkúta ló ń gbé. Àárín ọdún kan, ó ti bo gbogbo àpáta yẹn. Bí o bá dúró níwájú rẹ̀, etí ni, etí, etí, gbogbo wọn kọ ojú sí ọ. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, síbẹ̀ mi ò jẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa níwájú àpáta yẹn.

Àwọn aláboyún Ìjemọ̀ rí i pé ó ń dá èébì dúró. Wọ́n ń wá gbà á, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹni tí wọ́n ní ó ti kú, wọ́n ń jẹ ewé ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Á kó o sílẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí wọn, wọ́n á wá ṣà á bí adìyẹ, wọ́n á sá. Mọ́ṣúdù ahunṣọ nìkan ló ń na ọwọ́ sí i. Á ní, "Ìyá, ẹ kọ ojú sí mi kẹ́ ẹ fún mi ní tèmi. Òkú tó mọ ewé ọbẹ̀ báyìí, ká ní kò tíì kú ni, ǹ bá fẹ́ ẹ." Adébímpé á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi mú un. Ẹ̀rín ibẹ̀ yẹn, mi ò tún gbọ́ irú rẹ̀.

Ìyá mi náà ń wá. Ọ̀sán gangan ni, á dúró lókèèrè, á kọ ẹ̀yìn sí ahéré, á ní, "Ẹ kú ilé o, ará inú àpáta." Adébímpé á ní, "O ṣé, àbúrò mi." Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ̀yìn ọ̀kan sí ojú èkejì. Kò pe orúkọ rẹ̀ rí.

Ọdún keje, ikọ́ náà wọlé sí i lára. Ewé òkè erékùṣù tó lè wò ó, kò gbà láti hù nílẹ̀ tiwa, oòrùn ti pa á. Ó mọ̀. Ó ní, "Bándélé, mi ò ní lè dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ayé."

Ọjọ́ tí ẹbí péjọ jẹ iṣu tuntun ló wá. Ọ̀sán ni, àgbàlá kún. Ó wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ọkọ́ wà lọ́wọ́ kan, ìdì ewé etí wà lọ́wọ́ kejì bí ẹni ń gbé ẹ̀bùn bọ̀. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Yàrá ìyá rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Gbogbo wa tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, wọ́n ń bẹ̀rù.

Olúṣẹ̀yẹ ní, "Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní mo wà nínú ilẹ̀ yìí. Mo fẹ́ wo ara mi."

Ó gbẹ́ ẹ. Ilẹ̀ líle ni, ikọ́ ń mú un, ó ń dúró, ó tún ń gbẹ́. Ọkọ́ kan ìkòkò. Ó gbé e jáde, ó ṣí i, ó da ìlẹ̀kẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo wà. Òwú ti jẹrà, àmọ́ ìlẹ̀kẹ̀ funfun ṣì funfun. Nǹkan kan wà láàárín wọn tí kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀.

Eegun ẹja ni.

Olúṣẹ̀yẹ ò mọ̀. Ọkùnrin wo ló mọ ohun tó wà nídìí àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin? Ó kàn mú ọ̀kan nínú àkísà ni, kò bi ìyá rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ni Olúṣẹ̀yẹ sin! Ìyá mi tó dúró síbẹ̀ láàyè, tó gbé àwo iṣu lọ́wọ́. Mo yí ojú wò ó. Ó ti rí i. Ètè rẹ̀ dì bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n há.

"Tìẹ ni àbí kì í ṣe tìẹ?" ni Olúṣẹ̀yẹ wí. "Sọ fún wa. Bí kò bá ṣe tìẹ, a jẹ́ pé a ò sin ọ́, màá pè ọ́ níwájú gbogbo èèyàn."

Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ohun tí obìnrin yẹn ti ń wá láti ọdún méje, ó ti wà létè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré: "Kì í ṣe tèmi." Wọn ì bá pè é wọlé. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé á mọ ẹni tí ibojì náà ń dúró dè.

Adébímpé gbé ojú sókè. Ó wo àbúrò rẹ̀ pẹ́. Àbúrò rẹ̀ wo ilẹ̀.

Èmi ńkọ́? Èmi ẹlẹ́nu, èmi tí mo máa ń já ìjòyè lẹ́nu. Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé eyín mi. Mo rí ọrùn ìyá mi, bí iṣan rẹ̀ ṣe ń mì. Mo pa ẹnu dé.

"Tèmi ni," ni Adébímpé wí.

Olúṣẹ̀yẹ mí kanlẹ̀. "Ẹ ti gbọ́. Òkú ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Tèmi ni, mo sì ń mú un lọ." Ó so ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó wá tú ìdì ewé, ó ki ewé etí sínú ihò náà tọ̀pátọ̀pá, ó wọ́ erùpẹ̀ lé e. Ó ní, "Ibojì kì í padà lófo, àbí? Ẹ ti ní òkú tẹ́ ẹ fẹ́." Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó jáde.

Bó ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ó rọra gbé iṣu kan nínú àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó bù ú jẹ.

Kò pé oṣù méjì tó fi kú nínú ahéré. Èmi ni mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tú ìlẹ̀kẹ̀ fún mi, ó ní, "Fún ìyá ẹ. Má jẹ́ kí wọ́n sin ìlẹ̀kẹ̀ yìí mọ́ mi o, kó má lọ dà bíi pé wọ́n sin ìyá ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Má sì bá a jà."

Mo ní, "Ìyá, mo mọ̀. Mo rí i lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ."

Ó ní, "Mo mọ̀ pé o mọ̀. Mo gbọ́ ìgbà tó o la ẹnu."

Ilẹ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sin ín sí. Èmi ni mo gbẹ́ pákó orí rẹ̀. Wọ́n ní Lydia nìkan ni kí n kọ, orúkọ tó wà nínú ìwé wọn nìyẹn. Mo kọ ọ́. Mo yí pákó padà, mo gbẹ́ ADÉBÍMPÉ sẹ́yìn rẹ̀, ó jìn tó ìka méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá fá a.

Mo gbé ìlẹ̀kẹ̀ fún ìyá mi. Kò gbà á. Mo dì í mọ́ àkísà, mo fi kọ́ ìṣó lẹ́nu ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà, ó wà níbẹ̀. Bó bá ń wọlé, á tẹrí ba lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń wọ ibi tó lọ sílẹ̀, ìlẹ̀kùn yẹn sì ga, èmi ni mo kàn án.

Ewé yẹn ńkọ́? Ó hù. Inú yàrá ìyá àgbà tí oòrùn kì í dé, ó hù. Omi ìwẹ̀ ẹ̀yìn ògiri ló ń mu, mo mọ ìyẹn, ẹ má sọ fún mi. Àmọ́ gbogbo etí rẹ̀ ló kọ sí ìlẹ̀kùn. Olúṣẹ̀yẹ ní kí wọ́n gé e. Ẹni tó gé e gbé e jù sí àgbàlá, èyí tó jù náà tún hù ní àgbàlá. Kò tún gé e mọ́. Ó ti darúgbó báyìí, kì í jẹun ìrọ̀lẹ́ níta. Ó ní nǹkan ń kànkùn.

Ohun tí mo ń ṣe ni mo fẹ́ kí gbogbo Ìjemọ̀ mọ̀, kí wọ́n má bàa máa sọ pé orí mi dàrú. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń wọ yàrá yẹn lọ́sàn-án, tí Olúṣẹ̀yẹ bá wà nílé kó lè gbọ́. Màá dúró níwájú ewé yẹn, màá sì pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi lóhùn òkè. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè láti ọjọ́ tí mo pa ẹnu dé. Bí ibojì bá fẹ́ mú ẹnì kan, kó mú èmi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún lọ. Mo ní, "Adébímpé! Adébímpé, ọmọ Ìjemọ̀! Wọlé o!"

Ewé kan mì, atẹ́gùn ò sì fẹ́.

Ohùn obìnrin kan wá dáhùn lẹ́yìn ògiri, ó rọra, bí ẹni tí wọ́n ti ń pè látọjọ́ pípẹ́. Ó ní, "Ẹ̀n. Mò ń bọ̀."

Mo sáré yí ilé ká. Ìyá mi ni. Ó jókòó sílẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ eegun ẹja yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sín in padà sínú òwú tuntun, kò sì gbé ojú sókè wò mí.